Àwòkọ́ṣe Kì í Ṣe Ìran Wíwò

Igbe kan náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń ké nílẹ̀ Ẹ̀gbá lónìí: wọ́n ní ayé àwọn dúró sójú kan. Ẹni tó kàwé gboyè tí kò ríṣẹ́ ń sọ ọ́. Ẹni tó ríṣẹ́, tí owó oṣù rẹ̀ ń tán sórí owó ọkọ̀, ń sọ ọ́ pẹ̀lú. Wọ́n ní àwòkọ́ṣe làwọn ń wá, ẹni tí yóò ta àwọn jí. Wíwá tí wọ́n ń wá a kò burú. Ibi tí wọ́n ń wá a sí ló burú. Orí fóònù ni, lọ́dọ̀ ẹni tó dúró níwájú ọkọ̀ bọ̀gìnnì tó ń sọ bí òun ṣe là, tàbí nínú gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ń gba owó ìwọlé. Wọn a pàtẹ́wọ́ títí. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ibi tí wọ́n wà lánàá náà ni wọ́n ṣì wà.

Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò fi ohunkóhun pa mọ́. Wíwò, kíkọ́ àti ṣíṣe ló para pọ̀ di àwòkọ́ṣe. Ẹni tó wò tí kò kọ́, tí kò sì ṣe, òǹwòran ni.

Kẹ́mta ni ó yẹ kí irú wọn kọjú sí. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé agbo ilé Jojola ní Kẹ́mta ni àdìrẹ Ẹ̀gbá ti ṣẹ̀, lọ́wọ́ Ìyálóde Jojola, ẹni tó jẹ oyè náà lẹ́yìn Ẹfúnróyè Tinúbú, tó di olóògbé ní 1887. Ó kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ níṣẹ́, àwọn ọmọbìnrin sì gbé e dé Ṣàjẹ́, Ìjẹmọ̀ àti Kési. Kò sí gbọ̀ngàn kankan nínú ìtàn yìí. Ọmọ iṣẹ́ a kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìko di aṣọ; a sẹ́ omi eérú; a mọ òórùn ìkòkò aró tó jinná yàtọ̀ sí ti èyí tó ti bàjẹ́. Ó tún kù. Bí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú aró èlú, kì í dúdú. Àwọ̀ ewé ni í ní. Ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ló tó ń di aró. Ẹni tó dá wà nídìí ìkòkò lè rò pé iṣẹ́ ti bàjẹ́, kí ó da gbogbo rẹ̀ nù. Ìyá tó jókòó tì í ni yóò sọ pé: “Sá a sí atẹ́gùn.” Fóònù kò lè rí ìkòkò tí ọmọ náà dúró tì.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ aró nìkan nìyí, kó wo Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Ní àwọn ọdún 1940, òun àti àwọn obìnrin alákọ̀wé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ l'Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní ìwé kíkà. Ibẹ̀ ni òun náà ti gbọ́ ohun tí owó orí àti ìyà ń fi ojú wọn rí. Ó bọ́ gáùn Òyìnbó sílẹ̀, ó ró ìró, ó wọ bùbá, ó sì bá wọn jà títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi gbé ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949. Olùkọ́ kọ́ni, olùkọ́ sì kọ́ lára ẹni tó ń kọ́. Èwo nínú àwọn olówó orí fóònù wọ̀nyí ló mọ orúkọ ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ fún un?

Ẹ̀bi náà kò mọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́. Àwọn ọ̀gá wà tí wọ́n ń fi ọmọ iṣẹ́ fọ abọ́ fún odindi ọdún méjì, tí wọn a sì ṣe ojú iṣẹ́ gan-an ní kọ̀rọ̀, kí ọmọ má bàa gbọ́n jù. Àwọn kan náà ló ń sunkún pé aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ láti Ṣáínà ti gba Ìtòkú. Ọmọ mélòó ni wọ́n jẹ́ kí ó ki ọwọ́ bọ aró lọ́dún yìí?