Ẹ Jẹ́ Kí Ilẹ̀ Ṣú Kí Ẹ Tó Yin Ọ̀nà Náà

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ máa ń ti ibi iṣẹ́ dé, tí ẹ jẹun tán, tí ẹ wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti wa ọkọ̀ ojú irin, ẹ̀yin ni mo kọ ìwé pẹlẹbẹ yìí sí. Ohun kan wà tí gbogbo wa ti gbà láìwádìí rẹ̀ wò. A gbà pé bí ọ̀nà inú géèmù bá ṣe rẹwà tó, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe bá òótọ́ mu tó. Bí ẹnìkan bá kọ́ ọ̀nà tuntun jáde, àwòrán la kọ́kọ́ ń béèrè. A ó gbé fọ́tò afárá gidi sí ọ̀tún, a ó gbé ti inú géèmù sí òsì, a ó ka fèrèsé, a ó wo ewé igi, a ó sì ní, “Òun gan-an nìyí!” Mo ní irọ́ ni. Ìgbàgbọ́ yìí ti ń ṣì wá lọ́nà fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ó ti mú ká máa pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó kun ilé, ká sì gbàgbé ẹni tó fara balẹ̀ wọn ojú irin.

Èmi náà ti ṣe é rí. Leeds ni mo ń gbé, ní àríwá Ìlú Ọba, níbi tí ọkọ̀ ti ń gbéra lọ sí Carlisle, tó ń gba orí àwọn òkè Pennine kọjá. Ojú irin náà gùn tó nǹkan bí 72 máìlì láti Settle dé Carlisle, ọdún 1876 sì ni èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ níbẹ̀. Ó wà lára àwọn ọ̀nà tó bá Microsoft Train Simulator jáde lọ́dún 2001, àwọn mìíràn sì ti tún un kọ́ láti ìgbà náà. Mo ra ọ̀kan nínú àwọn àtúnkọ́ yẹn. N kò ní dárúkọ ẹni tó kọ́ ọ. Ẹwà rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Afárá Ribblehead wà níbẹ̀, gbogbo ihò gbàgàdà 24 tó wà lábẹ́ rẹ̀ pé. Àgùntàn ń jẹko lẹ́bàá ọ̀nà, òkúta ara ògiri kò jọra wọn. Mo yìn ín fún gbogbo ẹni tó bá fetí sí mi.

Lọ́jọ́ kan, mo wọ ọkọ̀ gidi. Kùrukùru ti bo gbogbo òkè látàárọ̀. N kò rí afárá, n kò rí àgùntàn, funfun báláú ni mo ń wò lójú fèrèsé. Àmọ́ mo ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Láti ìsàlẹ̀ Settle títí dé Blea Moor, nǹkan bí máìlì 15, kò sinmi. Ohùn kan náà ló ń ké, bí ẹni tó ru àpò símẹ́ńtì gun àtẹ̀gùn tí kò lópin. Nígbà tó yá, tí a kọjá ṣóńṣó òkè ní Ais Gill, ohùn náà rọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fúnra rẹ̀ sáré lọ. N kò rí nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn, síbẹ̀ mo mọ ọ̀nà náà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Mo délé, mo ṣí géèmù mi. Mo gbé ọkọ̀ láti Settle. Ẹ́ńjìnnì fà díẹ̀, ó rọlẹ̀. Ó tún fà, ọkọ̀ tún sáré fúnra rẹ̀. Nínú máìlì kan ṣoṣo, ìgbà mẹ́rin ló yí ohùn padà. Òkè tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní The Long Drag, òkè tó ń fa ènìyàn ní àfàìdẹwọ́, ti di ojú ọ̀nà gbágungbàgun lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ. Mo pa kọ̀ǹpútà. Ojú tì mí fún gbogbo ìyìn tí mo ti yìn ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ ọ̀nà kì í wọn ilẹ̀ fúnra wọn. Gíga ilẹ̀ tí ọkọ̀ òfurufú Endeavour fi rédà wọ̀n láti ojú sánmà ní oṣù Kejì ọdún 2000 ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Iṣẹ́ ribiribi ni, n kò bú u. Ṣùgbọ́n níbi tó pọ̀ jù láyé, bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, nǹkan bí 90 mítà ló wà láàárín ibì kan tí wọ́n wọ̀n àti èyí tó tẹ̀ lé e. Bí igi bá sì dí níbì kan, orí igi ni rédà máa ń bá pàdé kó tó kan ilẹ̀. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: bí ibì kan bá fi mítà 5 péré ga ju ìkejì rẹ̀ lọ, 1 nínú 18 nìyẹn, ìyẹn ni pé bí o bá rin ẹsẹ̀ bàtà 18, o ti gòkè ẹsẹ̀ bàtà 1. Òkè Lickey lẹ́bàá Bromsgrove, tí wọ́n ń fi ẹ́ńjìnnì mìíràn ti ọkọ̀ ẹrù lẹ́yìn kó tó gun ún, 1 nínú 37.7 péré ni. Ẹni tó bá tẹ́ irin sórí ìwọ̀n láti ojú sánmà láì tún un ṣe, orí igi ló ń wa ọkọ̀ gbà.

Àwọn tó la ojú irin gidi mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì kò lè gun ilẹ̀ bí ilẹ̀ ṣe rí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gé òkè, tí wọ́n fi kó erùpẹ̀ dí kòtò, tí wọ́n fi gbẹ́ ihò Blea Moor la abẹ́ òkè já, ihò tó gùn ní yáàdì 2,629. Ìdí nìyẹn tí Ribblehead gan-an fi wà. Wọn kò kọ́ afárá yẹn fún ọ̀ṣọ́. Kí òkè má ba à ju 1 nínú 100 lọ ni wọ́n ṣe kó òkúta jọ, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló sì kú nídìí iṣẹ́ náà. Ẹ wo ohun tí à ń ṣe nígbà náà: a ń ka ihò afárá, ẹ̀ẹ̀mejì là ń kà á, a sì ń fọwọ́ rọ́ ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ afárá sẹ́yìn.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ òkè kékeré kò tó nǹkan. Bí ẹ bá so tọ́ọ̀nù 1,000 mọ́ ẹ́ńjìnnì lórí 1 nínú 100, ìwọ̀n tó ń fà á sẹ́yìn láti ara òkè nìkan tó tọ́ọ̀nù 10. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ìwọ̀n yẹn kan náà ni yóò máa tì yín. Ọkọ̀ ẹrù tó ń sáré kìlómítà 100 ní wákàtí kan, tí bíréèkì rẹ̀ ń bu ohun tó lé díẹ̀ ní kìlómítà 1 kúrò lára eré yẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, yóò rin nǹkan bí 1,300 mítà lórí ilẹ̀ títẹ́jú kó tó dúró. Ní ìsọ̀kalẹ̀ 1 nínú 100, yóò rìn tó 1,900. Ojú ènìyàn kò lè fi 1 nínú 100 yàtọ̀ sí 1 nínú 130 lórí kọ̀ǹpútà. Fọ́tò méjèèjì á bára mu. Bíréèkì ló máa sọ èyí tó jẹ́ òótọ́.

Àwọn kan ti fi ẹ̀mí wọn kọ́ wa ní èyí. Lóru ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án ọdún 1913, ọkọ̀ èrò kan kúrò ní Carlisle, ó forí lé gúúsù lórí ọ̀nà yìí kan náà. Tọ́ọ̀nù 230 ni ìwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lórí òkè yẹn, àmọ́ tọ́ọ̀nù 243 ni wọ́n so mọ́ ọn. Wọ́n béèrè fún ẹ́ńjìnnì kejì, wọn kò rí i. Èédú tí wọ́n kó fún wọn kò dára. Nígbà tó ku díẹ̀ kó dé ṣóńṣó òkè ní Ais Gill, agbára tán nínú ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ dúró. Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn kọjá àwọn àmì tó ní kó dúró, ó kọ lù ú. Ènìyàn 16 kú. Tọ́ọ̀nù 13 péré ni wọ́n fi lé. Kò sí ẹni tó rí ẹwà Pennine lóru ọjọ́ yẹn. Òkè, èédú, ìwọ̀n ẹrù àti àmì ló wà níbẹ̀. Ọ̀nà Settle sí Carlisle tí kò bá lè mú kí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n di ẹrù fún jù rẹ̀wẹ̀sì ní Ais Gill, ẹ má pè é ní ọ̀nà Settle sí Carlisle.

Ẹnìkan yóò ní, awakọ̀ gidi náà ń lo ojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ní Ìlú Ọba, awakọ̀ kò gbọdọ̀ wa ọ̀nà tí kò tíì kọ́, tí kò sì tíì fọwọ́ sí ìwé pé òun mọ̀ ọ́n. Ẹ wá wo ohun tó ń kọ́: ibi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí, ibi tí àmì kọ̀ọ̀kan wà àti ibi tó ti lè kọ́kọ́ rí i, eré tí kò gbọdọ̀ kọjá níbi tí irin ti tẹ̀, afárá kékeré tó fi ń mọ̀ pé àsìkò bíréèkì ti tó. Afárá kékeré yẹn ṣe pàtàkì ju ilé àádọ́ta lọ, bó bá tiẹ̀ jẹ́ páálí lásán ni wọ́n fi yà á. Ojú awakọ̀ kì í rìn gbéregbère, ohun tó ń wá ló ń wò. Bí ẹni tó kọ́ ọ̀nà bá kó igi ẹlẹ́wà bo àmì tí awakọ̀ gidi máa ń rí láti ibi tó jìnnà, ó ti bá ọ̀nà jẹ́, bí igi náà tilẹ̀ dára tó.

Ní Jámánì, ohun kan wà lẹ́bàá irin tí ẹnikẹ́ni kì í ya fọ́tò rẹ̀. Àpótí mágínẹ́ẹ̀tì kékeré ni, ara ètò ìdáàbòbò tí wọ́n ń pè ní PZB. Èyí àkọ́kọ́ wà lẹ́bàá àmì ìkìlọ̀, tó sábà máa ń ṣáájú àmì gidi ní nǹkan bí 1,000 mítà. Bí àmì bá ń kìlọ̀, tí awakọ̀ kò tẹ bọ́tìnnì pé òun ti rí i láàárín ìṣẹ́jú àáyá 4, ọkọ̀ á dá ara rẹ̀ dúró. Òmíràn wà nígbà tó bá ku nǹkan bí 250 mítà, tó ń wo eré ọkọ̀. Òmíràn tún wà nídìí àmì fúnra rẹ̀. Bí ẹni tó kọ́ ọ̀nà bá fi 100 mítà ṣi àpótí yìí gbé, gbogbo ìwà awakọ̀ lórí ọ̀nà yẹn ti yí padà, kò sì sí fọ́tò tó lè fi hàn. Àwọn tó ń lo géèmù Zusi mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwòrán rẹ̀ fi rí ṣákálá, àwọn ènìyàn ń wò ó bí ẹni tó wọ àkísà wá síbi ìnáwó. Ṣùgbọ́n àpótí wà níbi tó yẹ, bíréèkì ń ṣe bí bíréèkì. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Géèmù SimSig tiẹ̀ wà, tí kò ní igi kan, tí kò ní ilé kan, ìlà lásán lórí dúdú, nítorí ẹni tó ń darí àmì ni à ń ṣe níbẹ̀. Ìdádúró ọkọ̀ kan á sì da ọkọ̀ mẹ́ta mìíràn láàmú gẹ́gẹ́ bó ṣe ń rí lójú irin gidi.

Kódà àwòrán tí à ń bọ yìí kì í sábà sọ òótọ́ nípa ara rẹ̀. Nínú géèmù ọdún 2001 tí mo mẹ́nu bà, ẹ́ńjìnnì Flying Scotsman ni wọ́n fi sórí Settle sí Carlisle. Wọ́n kùn ún dáadáa. Àmọ́ ilé iṣẹ́ LNER ló ni ẹ́ńjìnnì yẹn, ilé iṣẹ́ Midland ló la ọ̀nà yẹn, LMS ló sì jogún rẹ̀ lọ́dún 1923. Inú wa dùn sí ọ̀dà ara rẹ̀, a kò béèrè ohun tó wá ṣe níbẹ̀.

Wọ́n máa ń bi mí pé kí ni ká wá fi dá ọ̀nà mọ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú. Ẹ yí aago géèmù sí òru, ẹ pa gbogbo nọ́ńbà tó ń hàn lójú kọ̀ǹpútà, kó ku iná iwájú ọkọ̀ nìkan. Òru kò mọ ẹni ọ̀wọ̀; kò ní bẹ̀rù ewé yín. Ẹ so ẹrù wíwúwo, kí ẹ gbéra. Ẹ máa gbọ́ bóyá òkè wà. Ẹ gbọ́ ìdí irin pẹ̀lú: níbi tí irin ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 60 bá ṣì wà, bí ẹ bá ń sáré máìlì 60 ní wákàtí kan, ẹ ó gbọ́ ìró oríkèé irin bí ìgbà mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá méjì. Níbi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, tí ẹ ṣì ń gbọ́ ọ, ẹnìkan kàn dà á sí i ni.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù rèé. Ẹ dá ọkọ̀ dúró ní ìsọ̀kalẹ̀ tí wọ́n ní ó jẹ́ 1 nínú 100. Ẹ tú bíréèkì, ẹ má fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, ẹ ka ìṣẹ́jú kan gbáko, kí ẹ wá wo eré rẹ̀. Òòfà ilẹ̀ kò lè fún un ju kìlómítà 21 ní wákàtí lọ láàárín àkókò yẹn, bó ti wù kí ọkọ̀ náà wúwo tó, àti pé ìfaragbún á tiẹ̀ mú un dín sí i. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, òkè náà ga ju ohun tí wọ́n sọ. Bó bá dúró síbẹ̀ bí òkúta, ilẹ̀ títẹ́jú ni wọ́n tà fún yín.

Mo ń ronú kan ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn nígbà gbogbo tí mo bá ń sọ èyí. Ojú irin méjì ló wà láàárín ìlú méjèèjì. Ti àtijọ́, tó dé Ìbàdàn ní 1901, irin rẹ̀ fi mìlímítà 1,067 jìnnà síra. Ti tuntun, kìlómítà 157, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2021, mìlímítà 1,435 ni tirẹ̀, ó sì jẹ́ ojú méjì. Àwọn méjèèjì gba ìhà Abẹ́òkúta kọjá. Ọ̀pẹ kan náà, páànù dídípẹtà kan náà, òkúta kan náà. Bí ẹnìkan nínú àwọn ọmọ wa bá ya gbogbo rẹ̀ tán, tí àpáta Olúmọ pàápàá wà lókèèrè, kò sí ẹni tó máa ti ara ìwọ̀nyẹn mọ èwo nínú méjèèjì ló kọ́. Ara irin fúnra rẹ̀ la ó ti mọ̀ ọ́n, níbi tó ti tẹ̀, níbi tí ọ̀kan ti ń yí òkè po tí èkejì ti gé e kọjá, àti níbi tí awakọ̀ kan gbọdọ̀ dín eré kù tí èkejì kò ní dín in.

Ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ ọ, kó wá ìwé ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kó tó wá àwòrán ọ̀pẹ. Bó bá kọ́ ọ tán, kó pè mí ní agogo méjìlá òru. N ó di ọkọ̀ ẹrù fún ẹ́ńjìnnì kan láti Èbúté Mẹ́tà, n ó sì pa iná.