Kóńgò Kan Ni Ó Yẹ Kí Gbogbo Ọjà Máa Lò

Nínú ọjà tí ó bá tòrò, àwọn ìyálọ́jà lè máa du oníbàárà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ọ̀kan a máa kí ẹni tí ń kọjá, òmíràn a sì máa fi ènì kún ọjà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kóńgò tí gbogbo wọn fi ń wọn ìrẹsì àti gaàrí, ọ̀kan náà ni. Ọjọ́ tí olúkúlùkù bá gbé kóńgò tirẹ̀ wá, ọjọ́ náà ni ìjà dé, oníbàárà ni yóò sì san gbèsè rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí kò ju èyí lọ: àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ilẹ̀ wa gbọ́dọ̀ ní òṣùwọ̀n kan, nítorí pé owó mẹ̀kúnnù ni ó wà nínú ohun tí wọ́n ń wọ̀n.

Ìlú Tamale, olú-ìlú Ẹkùn Àríwá ilẹ̀ Gánà, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú náà kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Àwọn ará Ogbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì ti ń ṣòwò ní apá ibẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ìjọba Dókítà Busia tó pàṣẹ, ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1969, pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ni ó kó ẹrù wá sílé nígbà náà. Àwọn mìíràn padà lọ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Ní ayé ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ẹni tí ń lọ sílé ni ó fi ń rán. Bí ẹni náà bá jẹ́ olóòótọ́, owó dé. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti àwọn àgbà ìlú. Lónìí, owó ti kúrò lápò ẹni tí ń rìnrìn àjò, ó ti bọ́ sínú fóònù. Ṣùgbọ́n ìbéèrè àtijọ́ kò yí padà: bí owó bá sọnù lọ́nà, ta ni yóò dáhùn?

Ní ọdún 2009 ni ilé-iṣẹ́ MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ owó orí fóònù ní Gánà, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí MoMo. Àwọn yòókù sì tẹ̀lé e. Fún ọdún púpọ̀, olúkúlùkù mọ odi yí oko tirẹ̀ ká. Ẹni tí ó wà lórí MTN kò lè fi owó sínú àpò ẹni tí ó wà lórí Vodafone tàbí AirtelTigo tààrà. Nọ́ńbà àmì kan ni wọn yóò fi ránṣẹ́ sí i, òun náà yóò sì wá ajẹ́ǹtì ilé-iṣẹ́ tí owó ti wá lọ kí ó tó lè gbà á. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn oníṣòwò fi ń gbé fóònù méjì mẹ́ta káàkiri. Afẹ́ kọ́ ni wọ́n ń ṣe.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù karùn-ún ọdún 2018, odi náà wó. Àjọ GhIPSS, tí Báńkì Àpapọ̀ Gánà dá sílẹ̀ ní ọdún 2007, ni ó dúró láàárín gẹ́gẹ́ bí alárinà. Bí ará Tamale kan bá fi ọgọ́rùn-ún sídì ránṣẹ́ láti ilé-iṣẹ́ kan sí èkejì, ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ a yọ owó náà nínú àpò rẹ̀, a sì ránṣẹ́ sí alárinà. Alárinà a gbé iṣẹ́ náà dé ilé-iṣẹ́ kejì. Ìyẹn a sì fi owó sínú àpò ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ilé-iṣẹ́ yóò wá ṣírò ohun tí ọ̀kan jẹ èkejì. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n so àpò owó báńkì àti káàdì e-zwich mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i dáadáa. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà kò di ọ̀kan. Olúkúlùkù wọn sì ń polówó ọjà tirẹ̀ síbẹ̀. Èdè tí ẹ̀rọ fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ni wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí, àti ọ̀nà tí gbèsè yóò gbà dọ́gba láàárín wọn. Èyí ni a ń pè ní òṣùwọ̀n.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àṣẹ ìjọba nìkan ti tó. Ní ọdún 2008, Báńkì Àpapọ̀ Gánà ti gbé ìlànà kan jáde tí ó fi dandan lé e pé kí àwọn báńkì kó ara wọn jọ wọ iṣẹ́ yìí, kí ó má ṣe jẹ́ ti báńkì kan pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kan. Èrò náà dára lójú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ná owó tọkàntọkàn sórí oko tí kò mọ ibi tí ààlà tirẹ̀ dé? Ní ọdún 2015 ni wọ́n tó fi ìlànà mìíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tí ó fún àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù láàyè láti dá ẹ̀ka tí yóò máa ṣe iṣẹ́ owó sílẹ̀, lábẹ́ ojú Báńkì Àpapọ̀. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé òṣùwọ̀n tí yóò dúró, àwọn tí yóò lò ó ni ó yẹ kí wọ́n jùmọ̀ gbẹ́ ẹ, kí ìjọba sì dúró tì wọ́n gẹ́gẹ́ bí onídàájọ́.

Ọ̀nà yìí náà ni àwọn aláwọ̀ funfun tọ̀. Nígbà tí wáyà tẹligíráàfù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bí ìròyìn bá dé ẹnubodè orílẹ̀-èdè méjì, akọ̀wé ni yóò fi ọwọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, tí wọn yóò fi lé ará ìhà kejì lọ́wọ́ kí òun náà tó tún tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Ìyà yìí ni ó mú kí ogún orílẹ̀-èdè péjọ sí Paris ní ọdún 1865 láti ṣe àdéhùn kan. Ní ọdún 1987 ẹ̀wẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè mẹ́tàlá tọwọ́ bọ ìwé ní Copenhagen pé àwọn yóò lo GSM, nítorí pé fóònù ọlọ́kọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì kò ṣiṣẹ́ ní Faransé. Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà ní ọdún 2001, oúnjẹ tí àwọn ẹlòmíràn ti sè ni a bá lórí tábìlì. Ó dùn, a kò jiyàn. Òun ni ó jẹ́ kí fóònù tí a rà ní Kumasi lè sọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n a kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fi iyọ̀ sí i.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹni tí ó fi owó rẹ̀ gbé òpó dé abúlé tí ó jìnnà kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè láti bá a pín in. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀, a kò sì fẹ́ kí a rẹ́ ẹ jẹ. Kí ẹni tí ó lo òpó ẹlòmíràn san owó tí ó tọ́. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò ní Nàìjíríà ní ọdún 2020, nígbà tí Àjọ tí ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ gbà kí oníbàárà 9mobile máa lo òpó MTN ní àwọn ibì kan. Gánà ti gba oníbàárà láàyè láti gbé nọ́ńbà rẹ̀ kúrò nílé-iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn ní ọdún 2011. Nàìjíríà ṣe tirẹ̀ ní 2013. Kò sí èyí tí ó pa iṣẹ́ náà run nínú gbogbo rẹ̀. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra.

Níbo wá ni ó kù sí? Ẹnubodè ni. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022 ni wọ́n ṣí PAPSS ní Accra, kí owó lè máa ti báńkì ilẹ̀ Áfíríkà kan dé òmíràn láì gba owó dọ́là kọjá. Ní ọdún 2025, àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tí ń ná sẹ́fà, tí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ ètò tiwọn. A yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1975 tí a ti dá ẹgbẹ́ ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó, kò tíì sí òṣùwọ̀n kan ṣoṣo tí ó so àpò owó fóònù ará Tamale mọ́ ti ìyá rẹ̀ ní Ogbómọ̀ṣọ́, ilé-iṣẹ́ yòówù kí olúkúlùkù wọn wà.

Ohun mẹ́ta ni a ń béèrè. Èkínní, kí ẹni tí ń fi owó ránṣẹ́ rí iye tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ àti iye tí yóò dé ọ̀hún, kí ó tó tẹ bọ́tìnnì. Èkejì, bí owó bá há sáàárín ilé-iṣẹ́ méjì, kí ilé-iṣẹ́ tí ó gbà á lọ́wọ́ oníbàárà dá a padà láàárín ọjọ́ tí a kọ sínú àdéhùn, kí wọ́n yéé ju ènìyàn síwá-sẹ́yìn bí bọ́ọ̀lù. Ẹ̀kẹta, kí a rán àwọn ẹnjiníà wa lọ síbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ òṣùwọ̀n ayé, kí wọ́n sì lọ pẹ̀lú ohùn kan. Ọmọ ilẹ̀ Mali, Hamadoun Touré, ni ó ṣe olórí àjọ tí ó ti inú àdéhùn Paris yẹn jáde, láti ọdún 2007 di 2014. Àga náà kò ga jù fún wa.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ tiyín wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwọ̀n gígùn àti ìwúwo, ẹ kọ́ wọn pẹ̀lú pé ènìyàn ni ó jókòó tí ó fẹnu kò lórí rẹ̀, àti pé ẹni tí kò bá sí níbi tí a ti ń gbẹ́ kóńgò, iye tí wọ́n bá wọ̀n fún un ni yóò gbà. Òmìnira tí Gánà gbà ní 1957, tí àwa náà gbà ní 1960, kò tíì kún títí a ó fi lè fi owó iṣẹ́ ọwọ́ wa ránṣẹ́ sí ara wa láì fòyà.