Adágún Agodi Dùn-ún Wò, Ṣùgbọ́n Ta Ní Ń Ṣọ́ Ògiri Rẹ̀?

 

Nígbà tí a lọ ṣe fàájì ní Ọgbà Agodi lọ́jọ́sí, àwọn màmá kan bi mí pé kí ló dé tí akọ̀wé gbé àwo ìrẹsì rẹ̀ sílẹ̀, tó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, tó ń yọjú síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kàn rẹ́rìn-ín ni. Mo ṣèlérí pé n óò dáhùn nínú ìwé ìròyìn wa. Ìdáhùn náà rèé: ògiri tó sé omi yẹn ni mò ń wá.

Adágún tí a fi ń ya fọ́tò nì, odò Ògùnpa ni. Òkè ló ti ń bọ̀, wọ́n sé e ní Agodi, lẹ́yìn náà ló tún ń ṣàn wá sí ìsàlẹ̀, sí àárín ọjà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń jẹun. Ọdún 1967 ni wọ́n dá ọgbà náà sílẹ̀, tòun ti ẹranko àti òdòdó. Omíyalé ọdún 1980 bà á jẹ́, ó sì gbé nínú ẹranko ibẹ̀ lọ. Ọdún 2014 ni ìjọba ìpínlẹ̀ tún un ṣí lẹ́yìn àtúnṣe. Ó dára, ká má purọ́. A ń sanwó lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ wa ń ṣeré, inú wa sì ń dùn.

Ṣùgbọ́n èmi kò lè wo omi Ògùnpa kí n máa rẹ́rìn-ín lásán. Oṣù Kejìlá ọdún 1980 ni wọ́n bí mi, inú ìyá mi ni mo wà ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ tí odò náà ya. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ kò nílò kí ọmọdé ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ròyìn Omíyalé fún wọn. Ó ju 100 ẹ̀mí tó bá a lọ. Aṣọ ni ìyá mi ń tà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni kò jẹ́ kó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Àwa ará Bẹẹrẹ, orí òkè là ń gbé, omi kì í sáàbà wọlé bá wa. Ìsàlẹ̀ ni ọjà wa wà, ìsàlẹ̀ sì ni omi ń lọ. Nígbà tí màmá sọ̀kalẹ̀ lọ, ẹrẹ̀ ló bá. Àwìn ló ra aṣọ náà. Ọdún mẹ́fà ló fi san gbèsè ohun tí omi gbé lọ.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé dáàmù Agodi ló fa Omíyalé. Òjò ńlá, pàǹtí tó dí ojú odò, àti ilé tí a kọ́ sí ọ̀nà omi ló fà á, àwa fúnra wa sì lọ́wọ́ nínú méjì nínú mẹ́ta yẹn. Ohun tí mò ń wí ni pé omi tí a sé jọ sókè orí ọjà kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbàgbé.

Ẹni tó bá mọ ilé alámọ̀ ní Bẹẹrẹ àti Mápó yóò tètè mọ bí dáàmù erùpẹ̀ ṣe rí. Ilé alámọ̀ lè lo ọgọ́rùn-ún ọdún bí páànù orí rẹ̀ bá pé. Ọjọ́ tí páànù jò, tí kò sí ẹni tó gun òkè lọ dí i, ògiri ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ nìyẹn. Bákan náà ni dáàmù. Ohun tó máa ń tètè pa á ni kí omi gun orí rẹ̀ kọjá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe ojú àkúnwọ́sílẹ̀ sí i, kí èyí tó bá pọ̀jù máa gba ibẹ̀ lọ. Bí ọ̀rá píọ́ wọ́tà, igi àti koríko orí omi bá dí ojú náà, orí erùpẹ̀ ni omi yóò gbà, yóò sì máa gé e bí ọ̀bẹ ṣe ń gé ẹ̀kọ. Wákàtí díẹ̀ ti tó.

Òmíràn kì í pariwo. Omi á máa sun nídìí ògiri. Bó bá mọ́ gaara, wọ́n á máa ṣọ́ ọ. Bó bá pọ́n, tó ń kó erùpẹ̀ bọ̀, inú ògiri ló ń jẹ yẹn. Òkété àti alákàn a máa gbẹ́ ihò síbẹ̀. Igi ńlá pàápàá kò yẹ lórí rẹ̀, bó ti wù kí ibòji rẹ̀ dùn tó, torí ọjọ́ tí igi bá kú tí gbòǹgbò rẹ̀ jẹrà, ihò ló fi sílẹ̀ fún omi. Koríko tí a gé kúkurú ló yẹ ẹ́, kí ojú lè rí ibi tó bá sán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Johnstown ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, nítorí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni. Dáàmù erùpẹ̀ kan wà lókè ìlú náà, nǹkan bíi máìlì 14 sí i. Ìjọba ló kọ́ ọ tẹ́lẹ̀, wọ́n pa á tì. Ẹgbẹ́ olówó kan, South Fork Fishing and Hunting Club, rà á lọ́dún 1879 láti máa fi ṣe fàájì. Andrew Carnegie, ọlọ́rọ̀ onírin, wà nínú wọn. Ẹni tó ni ín ṣáájú wọn ti yọ àwọn páìpù ìdí rẹ̀ tà. Ẹgbẹ́ náà kò dá wọn padà, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nyẹn ni wọ́n ì bá fi dín omi kù. Wọ́n gé orí ògiri wálẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin wọn lè gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n ta àwọ̀n sí ojú àkúnwọ́sílẹ̀ kí ẹja wọn má bàa sá lọ. Nítorí ẹja! Nígbà tí òjò dé lọ́jọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 1889, ìdọ̀tí rọ̀ mọ́ àwọ̀n yẹn, omi gun orí ògiri, ó já. Ènìyàn 2,209 ló kú. Wọ́n ránṣẹ́ wáyà lọ sí ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ọdọọdún ni àwọn ará ìlú ti ń gbọ́ pé dáàmù ń bọ̀ wá já, wọn kò kà á sí mọ́. Ilé ẹjọ́ kò sì rí ẹnì kan dá lẹ́bi nínú ẹgbẹ́ náà.

Kò jìnnà sí wa náà. Dáàmù Bagauda ní Kánò já lọ́dún 1988. Ti Alau já ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ó bo Maiduguri. Ní Ìbàdàn níbí, òjò ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 fọ́ afárá Ẹlẹ́yẹlé, ó gbé ẹja Yunifásítì lọ, wọ́n sì ní láti tún dáàmù Awba wọn tó ti wà láti 1964 ṣe.

Mo mọ ẹni tí yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ìjọba ni, kí akọ̀wé gbájú mọ́ ìwé ẹ̀yáwó rẹ̀. Ó dáa. Nínú ẹgbẹ́ wa, ṣé a máa ń dúró kí owó sọnù ká tó pe ayẹ̀wé-owó-wò? Ọdọọdún ló ń wá, akápò kì í bínú, wọ́n á sì ka àbájáde fún gbogbo wa létí. Ohun tí mo fẹ́ fún ògiri Agodi kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹnjiníà yẹ̀ ẹ́ wò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n ka ohun tó rí fún àwa tí a wà nísàlẹ̀. Kí wọ́n yọ díẹ̀ nínú owó ẹnu ọ̀nà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ògiri, bí àwa ṣe ń yọ owó àfipamọ́. Kí wọ́n sì sọ ẹni tí yóò ké sí Ìyálọ́jà bí omi bá ń gun òkè lóru. Àwa náà, ká yéé da pàǹtí sódò, ká sì yéé pòṣé nígbà tí rédíò bá ń kìlọ̀ òjò.

Mo ti kọ lẹ́tà náà. Ó wà lórí tábìlì mi ní ọ́fíìsì wa ní Bẹẹrẹ. Kí gbogbo ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá Ògùnpa wá fọwọ́ sí i kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó pé. Ẹni tí kò bá lè kọ̀wé, ìka á ṣe é, yíǹkì wà.