Àtọ̀gbẹ: Dídín Òkèlè Kù Dára, Ṣùgbọ́n Kì í Rọ́pò Abẹ́rẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Òwe yìí bá ọ̀pọ̀ àwọn tí àrùn àtọ̀gbẹ ń bá fínra wí lásìkò yìí. Ìbẹ̀rù ṣúgà ti mú kí àwọn kan nínú wọn sá pátápátá fún ẹ̀bà, iyán, àmàlà, ìrẹsì àti búrẹ́dì. Kò sí ohun tó burú nínú kí ènìyàn dín irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kù. Ohun tó ń kọni lóminú ni pé àwọn mìíràn ti fi oúnjẹ náà ṣe àwáwí láti pa oògùn àti abẹ́rẹ́ tì. Wọ́n gbàgbọ́ pé níwọ̀n ìgbà tí gaàrí kò bá ti wọ ẹnu, ínsúlínì kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe mọ́ nínú ara. Ìgbàgbọ́ yìí lè gba ẹ̀mí ènìyàn láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ó tọ́ kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí òtítọ́ wà. Oúnjẹ afúnnilágbára, ìyẹn àwọn oúnjẹ tí wọ́n ń fi iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ìrẹsì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe, ni ara máa ń sọ di ṣúgà jù lọ. Bí èyí tó ń wọlé bá dín kù, èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yóò dín kù pẹ̀lú. Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ American Diabetes Association ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà sọ nínú àbájáde ìjíròrò àwọn onímọ̀ pé dídín oúnjẹ afúnnilágbára kù ni ó ní ẹ̀rí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọ̀nà ìjẹun tó ń mú ṣúgà wálẹ̀. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ ìlera tó bá ń sọ fún aláìsàn pé kó má fi ṣúgà sí tíì, tí kò sì sọ ohunkóhun nípa ìwọ̀n òkèlè rẹ̀, kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán.

Àṣìṣe kan sì wà tó ti gbilẹ̀ ní Nàìjíríà, èyí tó yẹ kí gbogbo ilé fà tu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àmàlà, wíìtì àti àgbagbà tí kò tíì pọ́n jẹ́ oògùn àtọ̀gbẹ, tí ènìyàn lè jẹ títí ikùn yóò fi kún. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àmàlà tó dúdú àti iyán tó funfun, inú iṣu kan náà ni wọ́n ti jáde. Àgbagbà tí kò pọ́n lè má tètè gbé ṣúgà sókè bí èyí tó ti pọ́n, síbẹ̀ oúnjẹ afúnnilágbára ni. Ìwọ̀n òkèlè ló yẹ kí alárùn máa wò, kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é dáadáa kò níláti wá oúnjẹ òkè òkun kiri. Ṣọkọ̀, tẹ̀tẹ̀, ewúro, ewédú, ilá, ẹ̀gúsí, ẹja, ẹyin, wàrà àti ẹ̀pà wà lọ́jà wa. Ohun tí ó yẹ kó yí padà ni bí wọ́n ṣe ń bu oúnjẹ: kí ọbẹ̀ àti ẹ̀fọ́ pọ̀ nínú àwo, kí òkèlè sì kéré.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ kítóònù ti wọlé? Bí ṣúgà kò bá tó tí ara yóò fi ṣe agbára, ẹ̀dọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀rá tó wà nípamọ́. Ohun tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe láti inú ọ̀rá náà ni kítóònù, ọpọlọ àti iṣan sì lè lò ó dípò ṣúgà. Èyí kì í ṣe àìsàn. Ara ẹni tó gbààwẹ̀ máa ń ṣe é, ara ẹni tó dín oúnjẹ afúnnilágbára kù gidigidi náà sì máa ń ṣe é. Bí ínsúlínì bá tó nínú ara, kítóònù irú ẹni bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 0.5 sí 3.0 mmol/L, kì í sì í kọjá ibẹ̀, nítorí ínsúlínì ni ẹ̀ṣọ́ tí kì í jẹ́ kí ọ̀rá yọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ibi tí ínsúlínì kò bá sí, tàbí tí kò tó, ni ewu wà. Ẹ̀dọ̀ yóò máa tú kítóònù jáde láìdáwọ́ dúró, ẹ̀jẹ̀ yóò sì di kíkan bí ásíìdì. Òùngbẹ yóò máa gbẹ aláìsàn, yóò máa tọ̀ ṣáá, yóò máa bì, inú yóò máa run ún, yóò máa mí hẹlẹ-hẹlẹ, èémí rẹ̀ yóò sì máa rùn bí èso tó ti pọ́n jù. Bí wọn kò bá tètè gbé e dé ilé ìwòsàn, ó lè dákú kó má sì jí mọ́. Èyí ni àwọn dókítà ń pè ní ketoacidosis. Orúkọ kan náà ni kítóònù ààwẹ̀ àti kítóònù àìsí ínsúlínì ń jẹ́, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn dà bí ìyàtọ̀ iná tó wà nínú àdògán àti iná tó ti ran òrùlé.

Ìtàn ìṣègùn fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yìí. Kí wọ́n tó ṣàwárí ínsúlínì ní ọdún 1921, oúnjẹ nìkan ni ìtọ́jú tó wà. Dókítà Frederick Allen ní Amẹ́ríkà ń dín oúnjẹ àwọn alárùn àtọ̀gbẹ kù débi pé ọ̀pọ̀ nínú wọn rù kan egungun. Ó fi kún ọjọ́ ayé àwọn kan, ṣùgbọ́n kò wo ọmọdé tí ara rẹ̀ kò ṣe ínsúlínì mọ́ sàn. Ní oṣù Kìíní ọdún 1922, ní ìlú Toronto ní orílẹ̀-èdè Kánádà, wọ́n fún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ní ínsúlínì tí Frederick Banting, Charles Best àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe. Nígbà tí wọ́n tún fún un ní èyí tí wọ́n túbọ̀ sẹ́ mọ́, ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀, kítóònù inú ìtọ̀ rẹ̀ sì pòórá. Ó tún lo ọdún mẹ́tàlá sí i láyé. Ẹni tó bá ń fi ẹyin àti ẹ̀fọ́ rọ́pò abẹ́rẹ́ lónìí ń padà sí ayé tó wà ṣáájú ọdún 1921 ni.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ irú kìíní kò gbọdọ̀ dá ínsúlínì dúró rárá, ìbáà jẹun, ìbáà má jẹun. Bí ó bá fẹ́ dín òkèlè kù, dókítà ni yóò bá a ṣètò ìwọ̀n abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ní irú kejì, tó sì ń lo glibenclamide tàbí glimepiride, ní ewu tirẹ̀: bí oúnjẹ bá dín kù tí oògùn kò dín kù, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Àwọn tó ń lo dapagliflozin tàbí empagliflozin ló tún yẹ kó ṣọ́ra jù. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, FDA, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójútó oúnjẹ àti oògùn, kìlọ̀ pé irú oògùn wọ̀nyí lè fa ketoacidosis nígbà tí ṣúgà kò tilẹ̀ ga púpọ̀. Mítà lè fi 180 hàn kí ẹ̀jẹ̀ sì ti di ásíìdì. Aláboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú àti ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń dùn kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ irú ìjẹun yìí fúnra wọn.

Fún àwọn tó ń lo ínsúlínì, pàápàá nígbà tí ibà tàbí èébì bá dé, ìlànà tí àwọn dókítà ń tẹ̀lé kò ṣòro. Kítóònù inú ẹ̀jẹ̀ tí kò tó 0.6 kò léwu. Bí ó bá wà láàárín 0.6 sí 1.5, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn wákàtí méjì. Bí ó bá ti kọjá 1.5, kí wọ́n kàn sí dókítà. Bí ó bá tó 3.0, ilé ìwòsàn ló kàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tí kò ní mítà kítóònù lè fi pépà ìdánwò ìtọ̀ yẹ ara rẹ̀ wò. Bí ó bá fi àmì ìròpọ̀ méjì hàn, kò sí àyè fún àgbo tàbí kí a máa wo ọjọ́ kejì.

Síbẹ̀, kò yẹ kí gbogbo ẹ̀bi já lé aláìsàn lórí. Láti ọdún 2023 tí iye náírà ti já wálẹ̀, owó ínsúlínì ti ga kọjá agbára ọ̀pọ̀ ìdílé. Ẹni tí kò rówó ra abẹ́rẹ́ ni ó máa ń tètè gba ẹni tó sọ pé oúnjẹ nìkan tó gbọ́. Òfin ètò adójútòfò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ìdáàbòbò yìí. Kí òfin náà má baà jẹ́ orí ìwé lásán, ínsúlínì àti pépà ìdánwò kítóònù yẹ kó wà ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, ní iye tí àgbẹ̀ àti oníṣòwò kékeré lè san.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera náà ní ipa tiwọn. Aláìsàn tí wọ́n bá bú nítorí oúnjẹ tó yàn yóò fi ohun tó ń jẹ pamọ́, dókítà yóò sì máa kọ oògùn sí ohun tí kò mọ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n máa bi aláìsàn nígbà gbogbo kò ju méjì lọ: kí ló ń jẹ, oògùn wo ló sì ti dáwọ́ dúró?

Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Kí alárùn àtọ̀gbẹ dín òkèlè kù, kí ó fi ẹ̀fọ́ àti ẹja kún àwo rẹ̀, ṣùgbọ́n kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ má kúrò nítòsí, kí dókítà rẹ̀ sì mọ ohun gbogbo tó ń ṣe. Ìgbà náà ni oúnjẹ àti oògùn yóò jọ máa ṣiṣẹ́ fún ìlera rẹ̀.