Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Wa Mọ Ojú Ọ̀run

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006, òṣùpá bo oòrùn pátápátá, ilẹ̀ sì ṣú láàárọ̀ ní Ghana, Togo, Benin àti apá kan Nàìjíríà. Ọmọ tí a kò kọ́ ní ohun tí ó fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe kí ó má bẹ̀rù.

Ilé ìwòràwọ̀ ni a fi ń lé irú ìbẹ̀rù yìí lọ. Òrùlé rẹ̀ rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Bí a bá pa iná, ẹ̀rọ a tan àwòrán ìràwọ̀ sára rẹ̀, àwọn ọmọ a sì rí ìrìn òṣùpá láti oṣù lé dé àrànmọ́jú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní Munich, ní ilẹ̀ Jámánì, ni a ti kọ́kọ́ fi irú ẹ̀rọ yìí han aráyé ní 1923. Ní Accra, tọkọtaya kan, Jacob àti Jane Ashong, ni ó dá ti Ghana sílẹ̀ ní 2009. Kì í ṣe ìjọba.

Àwa ńkọ́? Ní 2003 a fi NigeriaSat-1 ránṣẹ́ sí òfuurufú láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti ṣe é. Ta ni yóò ṣe ti ọ̀la nílé?

Ilé ńlá kọ́ ni a ń bèèrè. Àgọ́ ìwòràwọ̀ wà tí a ń fi afẹ́fẹ́ kún, tí ọkọ̀ kan lè gbé láti ilé-ìwé dé ilé-ìwé. Kí ìjọba rà á fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.