Ohun Tí A Ní Là Ń Náání

Ohun tí a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Bí a bá sáré pa òwe yìí, apá àkọ́kọ́ ni a máa ń mú lọ, bẹ́ẹ̀ apá kejì ni iṣẹ́ wà. Igi ni aṣẹ́gità ń tà. Èèpo kì í wọ inú ìdì, kò sẹ́ni tó ń ná an lọ́jà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó dàgbà nídìí igi mọ̀ pé èèpo gbígbẹ ló ń tètè gba iná, ó ń ṣa á jọ. Ó mọ ohun tó wà nílé, ó sì mọ iṣẹ́ tí ohun náà lè ṣe.

Ọ̀wọ́n oúnjẹ ló mú mi rántí òwe yìí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ NBS tó ń ṣírò ọjà fún ìjọba àpapọ̀ sọ pé owó oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti oṣù kẹfà ọdún 2023 lọ. Ohun tí à ń fi 10,000 náírà rà tẹ́lẹ̀ ti kọjá 14,000 nígbà náà. Ẹ lè rò pé Ìlútítun nílẹ̀ Ìkálẹ̀, níbi tí ẹ̀gẹ́ àti epo pupa ti ń jáde, kò ní mọ̀ ọ́n lára. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Òkè Ọya ni ẹ̀wà, àlùbọ́sà àti tòmátì ti ń wá, owó ọkọ̀ sì wà lórí gbogbo wọn.

Síbẹ̀, ẹ wọ ilé ìdáná àwọn ìyá àgbà ibẹ̀. Àjà wà lókè ààrò, pupuru wà lórí àjà, ó rí roboto, èéfín ti sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di dúdú. Ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sómi fún bí ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún, tí a fún omi rẹ̀ dànù, tí a mọ, tí a sì yá lókè iná, ló di bẹ́ẹ̀. Ìyá á sọ ọ̀kan kalẹ̀, á fi ọ̀bẹ họ ẹ̀yìn dúdú kúrò títí funfun inú á fi yọ. Á gún un, á jọ̀ ọ́, á rò ó nínú omi gbígbóná. Ọbẹ̀ ń kọ́? Ẹ̀gúsí tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ agolo ni, àti epo ìdí kẹ́ẹ̀gì, àti orí ẹja gbígbẹ tí wọ́n rà bọ̀ láti Ìgbókòdá, tí wọ́n ti jẹ ara rẹ̀ tán. Ata nìkan ni wọ́n á rán ọmọ lọ rà.

Àwa tó ń lo gáàsì kò ní àjà mọ́. Oúnjẹ wa wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù àti inú àpò tí a so lẹ́nu, ojú wa kò tó o. À ń da ẹ̀wà tuntun lé ti àtijọ́, ti ìsàlẹ̀ sì ti di ti kòkòrò. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni owó ti ń jò jù. Kí a ṣí gbogbo agolo wò kí a tó mú àpò ọjà. Èyí tó pẹ́ jù ni kí a kọ́kọ́ sè. Gàrí tó fa ọ̀rinrin lásìkò òjò, kí a tún un yan díẹ̀ nínú ìkòkò gbígbẹ. Ẹ̀wà, kí a rọ ọ́ kún kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ dé ẹnu, kí a dé e pinpin; kòkòrò tí kò bá rí afẹ́fẹ́ á kú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi oògùn apakòkòrò sí i. Lọ́dún 2019 ni NAFDAC, àjọ tó ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn, fòfin de títa ìgò kékeré oògùn apakòkòrò tí à ń pè ní dichlorvos lọ́jà, nítorí májèlé ni.

Ẹ̀yin baálé ilé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ọkọ tó ti Èkó gbé àpò ìrẹsì wálé láì béèrè ohun tó wà nílẹ̀, tó tún ń bínú pé owó ọbẹ̀ pọ̀, kò ṣe ìyàwó rẹ̀ dáadáa. Kí tọkọtaya jọ yẹ ilé oúnjẹ wò kí owó tó jáde.

Ṣùgbọ́n ẹ̀pà tàbí àgbàdo tó ti bu kò sí lára ohun tí mo ní kí a náání. Májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ lè wà nínú irú rẹ̀, fífọ̀ àti sísè kì í sì í mú un kúrò. Ẹ dà á nù, ẹ má sì fún adìyẹ, nítorí ó ń ṣe àwọn náà ní jàǹbá.