Ẹ Dán Bárẹ́lì Wò Kí Ẹ Tó Yáwó Ra Klárínẹ́ẹ̀tì Tuntun

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí lè ya àwọn tó ń ta gàrí àti àwọn tó ń ta irin lẹ́nu, nítorí ọ̀rọ̀ fèrè ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ni pẹ̀lú, owó gbogbo wa sì ni. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ń fọn klárínẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi òkú àgbà àti níbi ìgbéyàwó, tí wọ́n sì ń rí nǹkan mú bọ̀ wálé níbẹ̀. Láti ìgbà díẹ̀ wá, ìwé ẹ̀yáwó tí wọ́n ń kọ sí ìgbìmọ̀ ń pọ̀ sí i, ohun kan náà ni ó sì ń wà nínú wọn: fèrè mi kò bá kíbọ́ọ̀dù mu mọ́, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ra tuntun.

Èrò tiwa ni pé kí ìgbìmọ̀ má ṣe fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ títí ẹni tó kọ ọ́ yóò fi dán bárẹ́lì mìíràn wò lórí fèrè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú. Ẹ gbọ́ àlàyé wa ná.

Bí ẹ bá tú klárínẹ́ẹ̀tì palẹ̀, ọ̀nà márùn-ún ni. Èkíní ni ẹnu fèrè, tí a ń so rííìdì mọ́. Igi òkè àti igi ìsàlẹ̀ ni ihò àti kọ́kọ́rọ́ wà lára wọn, ẹnu gbàgàdà sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Láàárín ẹnu fèrè àti igi òkè ni nǹkan kúkúrú kan wà tó rí bí àgbá kékeré. Òun là ń pè ní bárẹ́lì. Kò ní ihò, kò ní kọ́kọ́rọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń fojú di í. Lórí klárínẹ́ẹ̀tì Bí-fúláàtì tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wa, gígùn rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín mílímítà 64 sí 67. Ẹ wo bó ti kéré tó! Síbẹ̀ mílímítà kan péré níbẹ̀ lè mú kí fèrè bá orin mu tàbí kó bà á jẹ́.

Bí fèrè bá ṣe gùn tó ni ohùn rẹ̀ ṣe ń wálẹ̀ tó. Bárẹ́lì kúkúrú á gbé ohùn sókè, èyí tó gùn á fà á wálẹ̀. Gbogbo afọnfèrè ló mọ èyí. Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé bákan náà ni gbogbo ohùn yóò ṣe sún. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Nígbà tí a bá fọn G láìdí ihò kankan, afẹ́fẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ nínú fèrè kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 25 lọ. Nígbà tí a bá dí gbogbo ihò fún E ìsàlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 60. Èyí á tètè yé ẹ̀yin oníṣòwò: bí ẹnì kan bá yọ náírà mẹ́wàá nínú 250 yín, á dùn yín ju kó yọ ọ́ nínú 600 lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni mílímítà kan yóò sún G yẹn ju ìlọ́po méjì bó ṣe sún E ìsàlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí G, A àti Bí-fúláàtì àárín, àwọn tí à ń pè ní ohùn ọ̀fun, ń ga jù tàbí tí wọ́n ń rẹlẹ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀, tí àwọn yòókù sì dára, bárẹ́lì ni kó kọ́kọ́ fura sí. Bó bá jẹ́ ohùn kan ṣoṣo nísàlẹ̀ ló ń yà, bárẹ́lì kọ́ o, kó wá ibòmíràn wò.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ooru ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ Faransé, Jámánì, Japan àti irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ klárínẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí, yàrá tí kò gbóná púpọ̀ ni ẹni tó ṣe wọ́n sì ní lọ́kàn. Ohùn máa ń sáré nínú afẹ́fẹ́ gbígbóná ju nínú tútù lọ, ìyẹn ló ń mú kí fèrè gòkè bí ilé bá ti gbóná. Kíbọ́ọ̀dù ní tirẹ̀ kì í sún, ooru kò kàn án. Orí 440 ni wọ́n sábà máa ń to kíbọ́ọ̀dù sí, èyí tí ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939. Ọ̀pọ̀ klárínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń ṣe ní Yúróòpù sì rèé, 442 ni wọ́n to tiwọn sí. Ẹ fi èyí kún ooru oṣù kẹta nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí fáànù kò ṣiṣẹ́, ẹ ó rí i pé kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé fèrè ń ga ju dùùrù lọ.

Kí ni àwọn afọnfèrè wa máa ń ṣe? Wọ́n á fa bárẹ́lì jáde díẹ̀, wọ́n á tún fà á sí i. Mílímítà kan kò burú. Bó bá ti kọjá méjì, àlàfo á ṣí sílẹ̀ nínú fèrè níbi tí bárẹ́lì ti pàdé igi òkè, àwọn ohùn ọ̀fun á wá rẹlẹ̀ jù, nígbà tí ti ìsàlẹ̀ kò tíì wálẹ̀ tó. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń sọ pé fèrè ti bàjẹ́, tí wọ́n á sì wá gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó lọ́wọ́ wa. Fèrè kò bàjẹ́. Bárẹ́lì tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni wọ́n nílò, tí wọ́n á lè tì wọlé dáadáa láìfi àlàfo sílẹ̀. Ẹni tí bárẹ́lì rẹ̀ jẹ́ 65 lè dán 66 tàbí 67 wò. Àwọn òrùka pẹlẹbẹ tún wà tí wọ́n ń fi dí àlàfo yẹn, owó wọn kò tó nǹkan. Ẹni tó ń fọn nínú gbọ̀ngàn tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ lórí rẹ̀ ni kó pa èyí tó kúrú mọ́ sápò.

A ní láti kìlọ̀ nípa fèrè tòkunbọ̀ àtijọ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà kan rí, ohùn gíga tó tó nǹkan bí 452 ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ afọnfèrè níbẹ̀ ń lò, àwọn ẹgbẹ́ onífèrè idẹ wọn kò sì fi í sílẹ̀ tán títí di nǹkan bí 1960 sí 1970. Wọ́n máa ń tẹ HP sára irú klárínẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀. Kò sí bárẹ́lì tó lè wò ó sàn, nítorí ibi tí wọ́n lu gbogbo ihò rẹ̀ sí ni kò bá tòde òní mu. Bí ẹ bá fi bárẹ́lì gígùn sí i, ọ̀fun á wálẹ̀, ìsàlẹ̀ á ṣì ga sókè. Bí ẹ bá rí HP, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á, bó ti wù kó dán tó.

Gígùn nìkan kọ́ ló wà nínú ọ̀rọ̀ bárẹ́lì. Inú rẹ̀ ńkọ́? Klárínẹ́ẹ̀tì kì í ṣe bí fèrè mìíràn. Bí a bá tẹ kọ́kọ́rọ́ àtàǹpàkò, kì í fò sí ohùn kẹjọ, ohùn kejìlá ló ń fò sí. Ó ṣòro kí ohùn ìsàlẹ̀ àti kejìlá rẹ̀ tó bára mu, bí inú bárẹ́lì ṣe rí sì wà lára ohun tó ń mú wọn bára mu. Ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ọ̀gbẹ́ni Hans Moennig, ẹni tó ń tún fèrè ṣe, ló di olókìkí nídìí bárẹ́lì tí inú rẹ̀ fẹ̀ lókè tó sì ń dín kù bó ti ń lọ sísàlẹ̀, èyí tó ń ṣe fún klárínẹ́ẹ̀tì Buffet. Ilé iṣẹ́ Buffet náà ṣe bárẹ́lì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ ò rí i pé alátùn-únṣe ló kọ́ ilé iṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́!

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe torí òkìkí rẹ̀ rà á fún fèrè tí kò bá a mu. Klárínẹ́ẹ̀tì Boosey & Hawkes 1010 ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, inú rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 15.2, ó sì lọ gbọọrọ. Bí ẹ bá ti bárẹ́lì Moennig bọ̀ ọ́, bí ẹni fún ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́rùn ni. Yàtọ̀ sí èyí, ìtóbi ibi tí igi ti ń wọ inú ara wọn yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ra bárẹ́lì lọ́wọ́ òǹtajà kan tí kò bi í léèrè fèrè tó ní. Nígbà tó délé, ó ń mì lórí fèrè bí eyín ọmọdé. Òǹtajà ní òun kì í gba ọjà padà.

Ní ti igi tí wọ́n fi ṣe é, àwọn tó ń polówó á sọ fún yín pé igi báyìí ń mú ohùn dùn, òrùka wúrà báyìí ń mú un jinlẹ̀. Ní tiwa, ẹ wo inú rẹ̀ kí ẹ tó wo ara rẹ̀. Bárẹ́lì olókìkí lè ju dọ́là 200 lọ. Ẹ ṣírò ìyẹn sí náírà kí ẹ wò ó. Igi mpingo, igi dúdú tó le tí wọ́n ń gé ní Tanzania àti Mozambique, ni ọ̀pọ̀ klárínẹ́ẹ̀tì onígi, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ń bẹ o. Bí ọyẹ́ bá dé, igi á gbẹ, òrùka á tú, ooru ẹnu ẹni tó ń fọn á sì tún dé bá a lójijì. Bárẹ́lì wà lára ibi tí ìyẹn ti máa ń kọ́kọ́ là. Ẹni tó ń fọn nínú oòrùn níbi òkú àgbà lọ́dọọdún, oníke tó ní ìwọ̀n tó péye ṣàǹfààní fún un ju onígi olówó gọbọi lọ.

Ọ̀nà àtidán an wò kò le. Ẹ kọ́kọ́ rí i pé páàdì kò jò, rííìdì kò ti gbó, kọ́ọ̀kì sì mú dáadáa, nítorí fèrè tó ń jò kò mọ bárẹ́lì. Ẹ fọn ún fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó gbóná. Ẹ má pààrọ̀ rííìdì, ẹ má pààrọ̀ ẹnu fèrè, bárẹ́lì nìkan ni kí ẹ máa pààrọ̀. Kí ẹlòmíràn di ẹ̀rọ ìdiwọ̀n ohùn mú, kí ẹni tó ń fọn má wò ó, torí ẹni tó bá ń wò ó á máa fi ètè tún un ṣe láìmọ̀. Ẹ fọn ohùn ọ̀fun, ẹ fọn ti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú kejìlá rẹ̀, ẹ wá fọn orin kan pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù nínú ilé tí ẹ ti ń ṣeré gan-an. Ní ti dídùn ohùn, ẹ jẹ́ kí ẹni tó kọ ẹ̀yìn sí yín sọ èyí tó dùn létí rẹ̀, kó má mọ èyí tó wọ́n.

Àwọn kan á ní, ta ló fẹ́ ra bárẹ́lì mẹ́ta torí àtidán wò? Ẹnì kan kọ́ ni kó rà á. Bí àwọn àgbẹ̀ kòkó ṣe ń lo òṣùwọ̀n ẹgbẹ́ pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa ra bárẹ́lì oníke 65, 66 àti 67, tó bá irú fèrè tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa mu, kí wọ́n wà ní ọ́fíìsì, kí afọnfèrè tó bá fẹ́ wá yá wọn fún ọ̀sẹ̀ kan. Owó rẹ̀ kò lè dé ẹsẹ̀ klárínẹ́ẹ̀tì tuntun kan, ẹ̀yáwó owó ilé ìwé ọmọ tí àwọn kan ń dúró dè kò sì ní máa falẹ̀ nítorí fèrè. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ohun èlò orin láàárín wa, ẹ kọ gígùn bárẹ́lì sára ọjà yín, kí ẹ sì jẹ́ kí oníbàárà gbé fèrè rẹ̀ wá síbẹ̀ kó tó sanwó.

A ó gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú ìpàdé gbogbogbò tó ń bọ̀. Kí ẹni tó ń fọn klárínẹ́ẹ̀tì kọ orúkọ fèrè rẹ̀ àti gígùn bárẹ́lì rẹ̀ ní mílímítà sí ìwé pélébé kan, kó fún akọ̀wé kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Bí nọ́ńbà kò bá hàn lára rẹ̀, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n láti etí dé etí.